Èmi ni wọ́n ní kí n yan oníkóòdù méjì: kí lẹ máa ń bi wọ́n?

ỌmọBódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ló gbé mi wá. Iléeṣẹ́ kékeré la jẹ́, èèyàn mẹ́sàn-án, Ìbàdàn la wà. Sọ́fítíwià tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn alájọ fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó la ń ṣe. Ọ̀gá wa fẹ́ gba oníkóòdù méjì sí i, ó ní èmi ni kí n ṣe íntáfíù wọn torí èmi ni mo pẹ́ jù nídìí kóòdù wa. Ọdún márùn-ún péré ni mo lò nídìí ẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti ṣe íntáfíù fún èmi alára, mi ò tíì jókòó sí apá kejì tábìlì rí.

CV 143 ló wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo lọ wo àwọn ìbéèrè tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí mi dàrú: ti algorithm, ti binary tree (ọ̀nà ìtò dátà tó ya bí ẹ̀ka igi), ti bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló máa kún inú bọ́ọ̀sì iléèwé. Èmi fúnra mi ò lè dáhùn ìdajì ẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ?

Gbénró

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kẹ̀? Àwọn Google tí wọ́n ń fi irú ẹ̀ dán èèyàn wò tẹ́lẹ̀ ti jáwọ́ nínú ẹ̀ tipẹ́. Laszlo Bock, tó jẹ́ ọ̀gá ètò òṣìṣẹ́ wọn nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba ní 2013 pé àṣedànù ni. Ó ní kò sọ nǹkan kan nípa bí èèyàn ṣe máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń bèèrè ló kàn ń jẹ́ kó rò pé òun gbọ́n.

Ti binary tree náà, ẹ rántí Max Howell tó ṣe Homebrew, ìyẹn sọ́fítíwià tí àwọn oníkóòdù fi ń kó irinṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà Mac. Ní 2015 ló figbe ta lórí Twitter pé Google ò gba òun torí òun ò lè yí binary tree po lójú bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ohun tí òun kọ ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wọn ń lò.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn sọ pé ẹ ò ní kí wọ́n kọ nǹkan kan o! FizzBuzz ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yẹ̀ wọ́n wò. Kọ nọ́ńbà láti 1 dé 100; èyí tó bá ṣeé fi 3 pín, kọ Fizz; èyí tó bá ṣeé fi 5 pín, kọ Buzz; èyí tó ṣeé fi méjèèjì pín, FizzBuzz. Láti 2007 ni wọ́n ti ń pariwo ẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ kóòdù ni kò lè kọ ọ́. Irọ́ ni mo pè é, àfìgbà tí ẹnì kan tó kọ ọdún mẹ́jọ sínú CV lo ogójì ìṣẹ́jú lórí ẹ̀ níwájú mi, tó wá ní iná fẹ́ lọ. Iná ò lọ.

ÌyáÌbejì

Ẹ kú oríire, ỌmọBódìjà. Yaba ni mo wà, láti 2015 ni mo ti ń ṣe íntáfíù. Mo ti fi ẹnu ara mi lé ẹni tó dáa lọ, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi gba ẹni tí kò dáa wọlé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n bi mí ni mo ń bi àwọn èèyàn. Binary tree kan náà tí Gbénró ń wí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa yí igi po, èmi ò sì yí igi kankan po rí lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tí mo ní kò kúnjú òṣùwọ̀n wọ iléeṣẹ́ míì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, èmi ni mo wá ń ka kóòdù tó kọ, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan tó ṣòro fún wa. Ojú tì mí.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Mo máa mú nǹkan kékeré kan nínú iṣẹ́ wa gan-an, bí ọgọ́ta ìlà kóòdù, mo máa yọ orúkọ àti àṣírí kúrò nínú ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣàìsàn. Tiyín tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ lo èyí:

Ìyá Rísí fi fóònù san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sínú àjọ. Iléeṣẹ́ tó gba owó náà fi webhook, ìyẹn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kan ń rán sí òmíràn fúnra ẹ̀, ránṣẹ́ sí yín pé owó ti wọlé. Kóòdù yín gbà á, ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kún àkáǹtì ìyá. Nígbà tí ìyá wò ó, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló bá níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Kí ẹ wá panu mọ́, kí ẹ máa wò. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tún kóòdù kọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láì tíì bèèrè nǹkan kan. Àwọn kan á ní kí n jẹ́ kí àwọn rí ohun tí server kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń sún mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ á rí i pé iléeṣẹ́ tó gba owó lè tún webhook kan náà fi ránṣẹ́ tí a ò bá tètè dáhùn, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ló fà á tí ìdáhùn fi pẹ́, àti pé kóòdù ò wò ó bóyá òun ti rí nọ́ńbà ìsanwó yẹn rí.

Púpọ̀ nínú wọn á ní, "Ká wo database ná, tí nọ́ńbà náà bá ti wà níbẹ̀, ká má fi owó kún un." Ó dáa. Mo máa wá bi wọ́n pé, tí webhook méjì bá dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Ọmọbìnrin kan ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a jà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ń kálòlò. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí èèyàn méjì tó débi ìnáwó kan náà. Àwọn méjèèjì bèèrè pé ṣé ẹnì kan wà lórí àga yẹn, wọ́n ní kò sí, àwọn méjèèjì wá jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ní database fúnra ẹ̀ ni ká sọ fún pé kó má gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó jẹ́ òun ló máa lé ẹnì kejì. Ọdún kẹrin ẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí.

Ẹni tí mo tún máa ń wá ni ẹni tó bá bèèrè, láìjẹ́ pé mo tì í, pé: "Yàtọ̀ sí Ìyá Rísí, mélòó ló ti ṣẹlẹ̀ sí?"

Wáṣẹ́wáṣẹ́

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú yín pọ̀, Àǹtí. Ọ̀dọ̀ àwa tí wọ́n ń bi léèrè ni èmi wà o, oṣù keje rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àmúrelé. Iléeṣẹ́ kan ní kí n lọ ṣe odindi sọ́fítíwià ilé ìtajà: kí wọ́n lè wọlé, kí wọ́n lè rajà, kí wọ́n lè sanwó. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà. Mi ò sùn, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ra dátà. Mo fi ránṣẹ́. Wọn ò fèsì, kódà wọn ò ní "a ti rí i". Nígbà tó yá mo lọ sórí ìkànnì wọn, àwọ̀ àti ètò ojú ìwé tí mo ṣe ni mo bá níbẹ̀.

Akọ̀wéHR

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí èmi fi lélẹ̀ níbi iṣẹ́ mi: iṣẹ́ àmúrelé ò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ, tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ sanwó. Kí ẹni tó fún wọn kọ́kọ́ ṣe é fúnra ẹ̀, kó fi aago sí i. Tó bá gba ìwọ tó kọ ìbéèrè ní wákàtí kan, yóò gba àlejò ní mẹ́ta.

Mi ò mọ kóòdù kọ, ṣùgbọ́n mo mọ íntáfíù. Ní 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí nǹkan bí ọdún 85 jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́. Kí èèyàn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lójú ẹni tó fẹ́ gbà á wà lára ohun tó fi ẹni tó máa ṣe dáadáa hàn jùlọ. Íntáfíù tí a ti to ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀ náà ò jìnnà sí i. Íntáfíù "wá jókòó ká jọ sọ̀rọ̀" wà nísàlẹ̀ wọn. Nígbà tí Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún ìṣirò náà yẹ̀ wò ní 2022, íntáfíù tí a to ìbéèrè ẹ̀ sílẹ̀ ló bọ́ sókè pátápátá.

Nítorí náà, ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn kan náà. Kí ẹ ti kọ ohun tí ìdáhùn tó dáa jẹ́ sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé, torí bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bíi tiyín lẹ máa fún ní máàkì. Tí ẹ bá jẹ́ méjì tó ń bèèrè, kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ kí ẹ tó bá ara yín sọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo ti rí ibi tí ọ̀gá ti kọ́kọ́ ní "ọmọ yìí ò dáa", tí gbogbo èèyàn wá fà máàkì tí wọ́n ti kọ ya.

Adúláwọ̀Manchester

Mo fẹ́ fi kún ti Akọ̀wéHR. Ìwádìí kan wà tí àwọn ará North Carolina State University àti Microsoft ṣe ní 2020. Akẹ́kọ̀ọ́ 48 ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí àwọn kan yanjú ìṣòro kóòdù lójú bọ́ọ̀dù, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé lọ. Àwọn tó kù dá wà nínú yàrá tiwọn, kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ohun tí àwọn tí wọ́n ń wò lójú ṣe ò tó ìdajì ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Èyí tó dùn mí jù: kò sí obìnrin kankan tó rí i yanjú níbi tí wọ́n ti ń wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ gbogbo obìnrin tó wà nínú yàrá tirẹ̀ ló yanjú ẹ̀.

Èmi máa ń fún wọn ní kóòdù náà, mo máa ní, "Mo ń lọ po tíì, mo máa padà ní ogún ìṣẹ́jú." Mo sì máa ń lọ lóòótọ́.

ỌmọBódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Wàhálà kan wà tí mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá jẹ́ ẹni ọdún 41, ó ti ṣe olùkọ́ kọ̀ǹpútà rí. Ẹni ọdún 29 ni èmi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "kí ló dé tí ẹ ṣe kọ ọ́ báyìí?" Ó dà bíi pé mò ń rí wọn fín. Àwọn kékeré náà wà, tó jẹ́ "yes sir" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo dán ọ̀kan wò lórí fóònù, mo sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa database, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni sà". Mi ò mọ̀ bóyá kò mọ̀ tàbí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún mi.

ÌyáÌbejì

Ìbéèrè yìí gan-an ni kò sí nínú àwọn àpilẹ̀kọ òyìnbó tí ẹ ń kà. Wọ́n á ní "ẹ wá ẹni tó lè ta ko yín". Ta ló máa ta ko ẹni tó fẹ́ fún un níṣẹ́, nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má wo àgbà lójú? Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ló máa kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Mo dìídì wá ọgbọ́n dá sí i. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ mo máa sọ fún wọn pé: "Nínú ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lónìí, irọ́ méjì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yín ni láti mú mi." Ó ti di eré nìyẹn, kì í ṣe àrífín mọ́. Wàá rí ọmọ tó ń forí balẹ̀ látàárọ̀ tó máa na ika sókè pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èyí yẹn ńkọ́?" Inú tiwọn gan-an á dùn. Ẹni tí kò bá mú irọ́ náà lẹ́yìn tí mo ti kìlọ̀ fún un, ó kéré tán mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ ló fà á.

Ti ẹ̀gbọ́n yẹn, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ lo "ẹ" láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ má pè wọ́n lórúkọ gbúkúgbúkú torí pé ìkànnì òyìnbó kan ní gbogbo wa dọ́gba. Kí ẹ wá sọ fún wọn pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ wo kóòdù yìí, ó ń dà mí láàmú." Ẹ gbé kóòdù sáàárín, kí ẹ̀yin méjèèjì máa wo òun, kí ẹ má wo ara yín. "Kí ló dé tí ẹ ṣe kọ ọ́ báyìí" le létí. "Ẹ là mí lọ́yẹ̀ níbí" kì í ṣe bákan náà rárá, ìdáhùn kan náà ló sì máa mú wá.

Kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá òun náà lè gbọ́rọ̀ sí ọmọdé lẹ́nu. Mo ti gba àgbà kan rí tó mọ iṣẹ́ bí ẹni mọ owó, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọmọ ọdún 24 bá fi àṣìṣe hàn án nínú kóòdù, ó máa ní "ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kóòdù, wọn ò tíì bí ẹ". A ò lè bá a ṣe é.

Gbénró

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń pọ́n wọn lé jù. Oníbàárà ò ní po tíì nígbà tí server bá wó lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Adúláwọ̀Manchester

Bọ̀ọ̀dá Gbénró, nígbà tí server tiwa wó lulẹ̀, kò sí ẹni tó dúró sẹ́yìn mi tó mú bírò lọ́wọ́ tó ń fún mi ní máàkì. Mo sì lè pe ẹlòmíì.

Gbénró

Ó dáa, mo gbà fún yín níbẹ̀. ChatGPT wá ńkọ́? Ogún ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń po tíì, òun ló ń bá a ṣe é. Láti ìparí 2022 tó ti dé, gbogbo iṣẹ́ àmúrelé tí mo gbà ló dára bí ẹyin, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí ìkejì. Mo pe ọ̀kan nínú wọn lórí Zoom, mo rí ojú ẹ̀ tó ń lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún bí ẹni ń ka Bíbélì. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá bi í, ó máa kọ́kọ́ tún un sọ, ó máa dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àlàyé á wá máa ya bí omi ẹ̀rọ.

ÌyáÌbejì

Mo fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ lò ó lójú mi, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ kọ sí i. Ibi iṣẹ́ náà la ti ń lò ó, kí ni mo fẹ́ fi í pa mọ́ fún? Lẹ́yìn náà mo máa yí ọ̀rọ̀ padà: "Ìyá Rísí fẹ́ gba díẹ̀ padà nínú owó ẹ̀. Níbo nínú kóòdù yìí lẹ máa fọwọ́ kàn?" Ẹni tó da kóòdù náà látẹnu ẹ̀rọ láì kà á, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ẹni tó kà á á tọ́ka sí ìlà náà.

Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ò sì mọ àdúgbò wa tó bí wọ́n ṣe ń fọ́nnu. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè ilé. Nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, tí ẹ bá fi í pamọ́ sínú database bíi nọ́ńbà ìṣirò, òdo iwájú á sọ nù. Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń ka owó ní kọ́bọ̀: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni 500000 tó wọlé yẹn o, ẹ má lọ fi sọ Ìyá Rísí di olówó. Tí ẹ bá sì lo nọ́ńbà onípọ́íńtì fún owó, ẹ ní kí wọ́n sọ iye tí JavaScript, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù, máa fún wọn tí wọ́n bá ní 0.1 + 0.2. Kì í ṣe 0.3, 0.30000000000000004 ni.

Àyànfẹ́ tèmi ni orúkọ Yorùbá. Lẹ́tà mélòó ló wà nínú "ọjọ́"? Ojú rí mẹ́ta. JavaScript lè kà á sí mẹ́rin, ó sì lè kà á sí mẹ́fà, bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni. Kò sí àyè kan ṣoṣo fún ọ́ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ, ọ̀tọ̀ ni àmì orí ẹ̀, fóònù míì á tún ya àmì ìsàlẹ̀ náà sọ́tọ̀. Báyìí ni ẹnì kan ṣe máa forúkọ sílẹ̀ bíi Ṣọlá lórí fóònù kan, tó máa wá Ṣọlá lórí ìkejì, tí wọ́n á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mi ò retí pé kí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ rí ojú wọn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ní mẹ́fà. Àwọn kan á bínú sí kọ̀ǹpútà, àwọn kan á tẹjú mọ́ ọn.

Akọ̀wéHR

Kí n tó gbàgbé: ẹ má bi obìnrin bóyá ó ní ọkọ tàbí ìgbà tó fẹ́ bímọ. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní ìjọ tó ń lọ tàbí ìpínlẹ̀ tó ti wá. Kí ẹ kọ owó oṣù sínú ìkéde, ó kéré tán láti iye báyìí dé iye báyìí. Tí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má yọ máàkì. Tí ẹ bá ní kí wọ́n wá sí ọ́fíìsì, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀.

Adúláwọ̀Manchester

Níbí o, Equality Act 2010 lè gbé ẹ dé kọ́ọ̀tù lórí ọ̀rọ̀ ọkọ àti oyún yẹn.

Wáṣẹ́wáṣẹ́

CV 143 ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn yọ gbogbo HND dànù kí ẹ̀yin náà lè sinmi.

Gbénró

HND ni èmi. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù, kó wá bá mi.

Ohun tí mo máa ń ṣe: mo máa fi ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí ímeèlì, kó má ju ìlà mẹ́wàá lọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni: "Sọ ohun kan tí o ṣe tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, kí lo sì ṣe?" Ìdajì ò ní fèsì. Nínú àwọn tó bá fèsì, ẹni tí kò ba nǹkan kan jẹ́ rí, mo máa ń dàgbére fún un. Ẹ bò orúkọ àti iléèwé mọ́lẹ̀ kí ẹ tó kà á. Ẹ̀rọ lè bá wọn kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀rọ kì í ní orúkọ ọjọ́ tàbí ohun tí ọ̀gá sọ nígbà tó gbọ́.

ỌmọBódìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mo padà wá jẹ́ iṣẹ́.

Ìbéèrè Bọ̀ọ̀dá Gbénró ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn 143. Àwọn 58 fèsì. Mo ka gbogbo ẹ̀ láì wo orúkọ, ó gbà mí ní alẹ́ méjì, mo pe mẹ́sàn-án. Mo gé kóòdù kan nínú tiwa gan-an bí ÌyáÌbejì ṣe wí: ó ń gba webhook, ó ń fi owó kún un, ó ń pín owó sí oṣù tó wọlé. Mo sọ fún wọn pé irọ́ méjì wà lẹ́nu mi. Mo lọ po tíì. (Mílò ni mo mu, kò sí tíì ní ọ́fíìsì.)

Ẹ̀gbọ́n ọdún 41 yẹn jókòó ti kóòdù náà, wọ́n rí ti webhook láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yín ń lo aago UTC, aago àgbáyé yẹn, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Wákàtí kan la fi ṣíwájú ẹ̀. Ẹni tó bá sanwó ní aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní oṣù, oṣù tó kọjá lẹ máa kọ ọ́ sí." Mo ní irọ́ mi nìyẹn? Wọ́n wò mí. Kì í ṣe irọ́ mi. Mi ò mọ̀ nípa ẹ̀ rárá.

Mo sá lọ wo database wa gan-an nígbà tí wọ́n lọ tán. Àwọn oníbàárà wa máa ń dúró kí owó oṣù wọlé lóru, kí wọ́n san ti àjọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mẹ́rìnlá ni kóòdù wa ti kọ sílẹ̀ pé wọn ò san ti oṣù tuntun, tí ẹgbẹ́ wọn sì ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó wá ní, "Ìgbà wo ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀?"

Ẹnì kejì jẹ́ ọmọbìnrin kan, àgùnbánirọ̀ tó máa parí lóṣù tó ń bọ̀. Kò rí ti aago, ṣùgbọ́n òun nìkan ló bèèrè pé mélòó ló ti ṣẹlẹ̀ sí. Irọ́ méjèèjì ló mú, ó tún mú ẹ̀kẹta tí mi ò mọ̀ pé mo pa.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn méje tí a ò gbà. Kí ni mo fẹ́ kọ sí wọn?

Wáṣẹ́wáṣẹ́

Ẹ kọ orúkọ wọn bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì. Ẹ sọ ní ìlà àkọ́kọ́ pé ẹ ò gbà wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka ìpínrọ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀. Kí ẹ sọ ohun kan tí wọ́n ṣe dáadáa àti ohun kan tí wọn ò rí nínú kóòdù náà. Lónìí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù kẹjọ mi rèé, ẹnì kan ṣoṣo ló tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

ỌmọBódìjà

Mo ti fi ránṣẹ́. Mẹ́rin ti fèsì. Ọ̀kan ní ṣé òun lè rí kóòdù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun fẹ́ mọ ibi tí òun ti fọ̀nà sí. Ìwọ náà, Wáṣẹ́wáṣẹ́, jọ̀ọ́ fi CV rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ níbí. Ọ̀gá ní tí ẹgbẹ́ tuntun méjì tó ń bọ̀ bá buwọ́ lùwé, a máa tún nílò ẹnì kan.